Ajá Tí Ń Bẹ̀rù Ilẹ̀kùn

Nígbà tí ìjì ká òrùlé ilé tí onídìrí kan àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ìyá ọkọ ló ní kí wọ́n kó ẹrù wọn wá sọ́dọ̀ òun títí onílé yóò fi tún ilé rẹ̀ ṣe. Ọkọ, tó jẹ́ awakọ̀ akérò ọ̀nà jíjìn, yọ̀ bí ọmọ tí wọ́n dá padà sẹ́nu ọmú. Ìyàwó ò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá ọkọ rẹ̀ burú. Àwọn àlejò tó máa ń wà nílé Màmá ló ń bà á lẹ́rù, ìyẹn àwọn ológbò àti ajá tí kò ní olúwa. Ilé ìtọ́jú ẹranko tó wà lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù ló máa ń fi wọ́n síkàáwọ́ Màmá, títí ẹni tó máa gbà wọ́n pátápátá yóò fi yọjú. Ìyàwó lè fara da ológbò. Ajá ni kò fẹ́ rí. Ajá kan ti bù ú jẹ nígbà tó wà lọ́mọdé, àpá rẹ̀ sì wà lójúgun rẹ̀ dòní. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Iṣẹ́ àga títúnṣe ni Màmá ń ṣe. Àga tí fóòmù rẹ̀ ti jìn, tí awọ rẹ̀ ti ya, òun ni wọ́n máa ń bọ́ síhòòhò, tí wọ́n á kàn án, tí wọ́n á rán an, títí táá fi padà di ohun tí èèyàn lè fi àlejò jókòó lé. Ìdí nìyẹn táwọn aládùúgbò fi ń pè wọ́n ní Ìyá Alága. Bí àjèjì bá gbọ́ orúkọ yẹn, á rò pé ẹgbẹ́ kan ni wọ́n ń darí. Màmá á ní alága làwọn lóòótọ́, kìkì pé ẹsẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ní, yálà wọ́n ń gbó o, yálà wọn ò gbó.

Tọkọtaya náà ò tíì tú ẹrù wọn tán tí dókítà ẹranko fi mú ajá kan wá. Ajá ńlá ni, aláwọ̀ ilẹ̀, tí èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òkèèrè. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn tó ni ín kó kúrò nílé tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú yàrá òfìfo. Ìgbà táwọn ará ilé kejì gbọ́ igbe rẹ̀ tó ti ń kú lọ ni wọ́n tó já ilẹ̀kùn wọlé. Látìgbà náà, ajá yìí kì í gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Bó bá gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé, ṣe ló máa ń wó lulẹ̀ bí ẹni tíbọn bà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀kùn irin ló kún ilé ìtọ́jú látòkè délẹ̀. Àwọn tó wá wo ajá níbẹ̀ máa ń kọjá lójú tiẹ̀ ni, torí kì í gbórí sókè wo ẹnikẹ́ni.

Màmá tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì bi í.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹ díẹ̀, mà, bí ẹnikẹ́ni ò bá wò ó."

"Ẹni tó bá ṣì ń jẹun," ni Màmá wí, "nǹkan kan wà tó ṣì ń retí."

Bí ajá náà ṣe wọ ọgbà nìyẹn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí Màmá ti ń túnga ṣe nínú ilé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ìyàwó ti sá wọ yàrá, ó ti kọ́ ilẹ̀kùn, ojú fèrèsé ló ti ń yọjú. Ó rò pé Màmá á fa okùn ọrùn ajá náà ni, tàbí kí wọ́n fi ẹran tàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá wo ajá, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n tún wo ajá. Wọ́n wá wọlé lọ mú irin tí wọ́n fi ń tú síkúrù, wọ́n sì tú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kúrò lára férémù, wọ́n gbé e ti ògiri. Wọ́n tú ti pálọ̀. Wọ́n tú ti ilé ìdáná àti ti yàrá wọn. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ilé ti ṣí gbayawu bí ẹnu ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ká. Géètì ìta, tó jẹ́ irin tí èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀, nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nítorí olè.

Nígbà tí ọkọ pè lórí fóònù láti ojú ọ̀nà, tí ìyàwó ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní òun ò tiẹ̀ rí nǹkan tuntun níbẹ̀. Ó ní nígbà tóun wà ní kékeré, ológbò kan tó fẹ́ bímọ yan bẹ́ẹ̀dì òun, orí àga oníbàárà ni ìyá òun sì ní kóun máa sùn títí àwọn ọmọ ológbò fi lajú.

Kọ́tìnnì ni Màmá ta sẹ́nu balùwẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń wẹ̀ kó máa kọrin, kẹ́lòmíì lè mọ̀ pé èèyàn wà ńbẹ̀. Ìyàwó ò lóhùn orin, nítorí náà ó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta ni. Lọ́jọ́ kan tó fo nọ́ńbà kan, Màmá bá a fi kún un láti ilé ìdáná, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn yàrá tọkọtaya ló kù. Màmá wá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú irin lọ́wọ́.

"Ìyàwó mi, tiyín ńkọ́?"

Ìyàwó tẹrí ba. Ó sọ ìtàn àpá ojúgun rẹ̀ fún wọn, ohun tí kò sọ látọjọ́ tó ti wọ ẹbí náà. Ó retí pé wọ́n á ní ajá yìí ò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, bí gbogbo alájá ṣe máa ń wí. Màmá ti irin bọ àpò.

"Ilẹ̀kùn tìẹ ni. Ẹ̀rù tìẹ náà, ẹ̀rù ni."

Wọn ò sì mẹ́nu bà á mọ́.

Látìgbà náà ni ìyàwó ti ń wo Màmá láti àlàfo ilẹ̀kùn rẹ̀, bí ẹni ń wo eré tí kò fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ pé òun ń wò. Màmá, tí orúnkún ń dùn, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí ajá, á máa rán awọ àga lórí itan. Wọn kì í pè é, wọn kì í nawọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ni wọ́n máa ń sọ fún un, bí irú ti ọkùnrin tó ní ìyàwó òun ló mú kí àga jìn, nígbà tó jẹ́ pé bí ìdí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí ni fóòmù ṣe tẹ̀. Wọ́n sọ ajá ní Yóòdáa. Kò jẹ́ orúkọ náà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sún abọ́ oúnjẹ rẹ̀ wọlé díẹ̀, bíi fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ tí Yóòdáa gbẹ́sẹ̀ kọjá ìloro fúngbà àkọ́kọ́, Màmá ò yíjú padà, wọn ò pàtẹ́wọ́. Ìyàwó nìkan ló rí i pé wọ́n ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú náà ò sì wọlé bọ̀rọ̀.

Tẹ́lẹ̀, ìyàwó máa ń rò pé àánú lásán ni. Ìgbà yìí ló tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tó jọ tiẹ̀. Irun tó bá ti lọ́ra pọ̀, onídìrí tó mọṣẹ́ kì í ki ìyarun bọ ìdí rẹ̀. Etí irun ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, táá fọwọ́ kejì di ìdí mú kó má baà dun olórí. Ohun tí èèyàn bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Màmá mọ etí irun ajá yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá lọ gbé àga fún oníbàárà. Ìyàwó wà nílé ìdáná nígbà tí òjò ṣú, tí atẹ́gùn líle sì gba inú ilé tí kò nílẹ̀kùn kọjá. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó kù nílé, tiẹ̀, ni atẹ́gùn gbá mú. Gbàà! Ó ṣí, ó tún pa dé. Gbàà! Nígbà tó sáré jáde, Yóòdáa ti wọ́ lọ sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká bí aṣọ ìnulẹ̀, ìtọ̀ ti ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, ara rẹ̀ á fò sókè.

Àtidé ìdí ilẹ̀kùn, àfi kó gba iwájú ajá kọjá. Ìyàwó dúró. Ó ti yí ọ̀nà padà rí kó má baà gba iwájú ilé ẹlòmíì kọjá, nítorí ajá tó kéré ju èyí lọ. Ilẹ̀kùn tún dún. Ó kọjá. Kò mọ bó ṣe kọjá, ó kàn bá ara rẹ̀ níbi tó ti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ni. Ó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìkọ́ náà ti gbó, atẹ́gùn sì ń mì ín pẹkẹpẹkẹ, èyí tó tún wá burú fún ajá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló rí irin ìtúsíkúrù Màmá lórí àga tí wọn ò tíì rán tán.

Kò tú nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ó yí síkúrù kan lódìkódì títí ó fi mọ ìhà tó yẹ kó yí i sí. Bí èyí tó kẹ́yìn ṣe tú, ilẹ̀kùn wó lù ú, ó bó o lápá, ó sì ṣẹ́ èékánná rẹ̀. Ó wọ́ ọ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe ìgboyà ló mú un jókòó, àárẹ̀ ni. Ó kọ ẹ̀yìn sí ajá bó ṣe rí Màmá tí wọ́n ń ṣe é, ó sì wá ọ̀rọ̀ tó máa bá a sọ, kò rí. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ó kà á títí ohùn rẹ̀ fi balẹ̀, ó sì ń kà á lọ nígbà tí nǹkan wúwo kan bọ́ sórí itan rẹ̀. Àgbọ̀n Yóòdáa ni. Ìyàwó ò mira.

Ibẹ̀ ni Màmá bá wọn nígbà tí wọ́n dé pẹ̀lú aṣọ tútù. Wọ́n wo férémù òfìfo, wọ́n wo apá ìyàwó tó bó. Wọn ò kí i pé ó kú iṣẹ́.

"Ẹsẹ̀ ẹ á ti kú," ni wọ́n wí.

Ó ní ó ti kú tipẹ́. Màmá rọra fi orúnkún tó ń dùn wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì ajá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀ títí òjò fi dá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ara Yóòdáa bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó ń jẹ́ orúkọ, ó ń jẹun lójú èèyàn, ó tiẹ̀ jí ìdì irun àtọwọ́dá oníbàárà ìyàwó kan, ó tú u ká kiri ọgbà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilẹ̀kùn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á rọra tì í, wọ́n á rọra ṣí i, wọ́n á fún ajá lẹ́ran, kó lè mọ̀ pé ohun tó bá pa dé á tún ṣí. Bí wọ́n bá níṣẹ́ lọ́wọ́, ìyàwó ló ń ṣe é.

Aṣọ́gbà kan ló wá béèrè Yóòdáa. Ìta gbangba ló ti máa ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, níbi tó ti ń gbin òdòdó sọ́gbà ìlú, ó sì fẹ́ ajá tí wọ́n á jọ máa rìn. Màmá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ju bí wọ́n ṣe ń wádìí ọkọ ìyàwó lọ. Wọ́n lọ sílé rẹ̀, wọ́n wo ibi tí ajá á sùn, wọ́n wo bó ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣí i. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí aṣọ́gbà máa wá mú ajá náà, ìyàwó bá Màmá nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó máa gbé ọ̀dọ̀ wa."

"Bó bá jókòó, ilé kún nìyẹn. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ibo ló fẹ́ wọ̀?"

"Ṣé kì í dùn yín ni?"

"Gbogbo ìgbà ló ń dùn mí," ni Màmá wí. "Ọjọ́ tí kò bá dùn mí mọ́, kí dókítà má mú ẹranko kankan wá bá mi mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Yóòdáa gba géètì jáde láì dúró. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì fò sẹ́yìn ọkọ̀ aṣọ́gbà láàárín àwọn ìkòkò òdòdó. Màmá juwọ́ títí ọkọ̀ fi yà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àga tí kò tíì láwọ, wọ́n sì sunkún láì fi pa mọ́, bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ pé ó kan òun. Ìyàwó po tíì, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́, ó sì jókòó tì wọ́n. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé òun ti rí àwọn tó lágbára láti di nǹkan mú, wọ́n pọ̀. Ẹni tó lè la ọwọ́ báyìí, tó sì tún ń sọ pé kí wọ́n gbé òmíràn wá, òun ò tíì rí méjì.

Kò pẹ́ tí onílé fi kan òrùlé tán. Ọkọ ń di ẹrù sínú páálí nígbà tí ìyàwó ní kó dúró ná, òun fẹ́ bá ìyá rẹ̀ dé ibì kan. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ilé ìtọ́jú ẹranko, inú ọkọ̀ èrò ni wọ́n wà, àgò sì wà lórí itan ìyàwó. Arúgbó ológbò olójú kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ilé ìyàwó ló ń lọ, kì í ṣe ilé Màmá. Wọn ò tíì dé ìkóríta tí ológbò náà fi tọ̀, tí ó gba àárín àgò, tó rin síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó gbingbin.

Màmá wò ó, wọ́n yíjú sí fèrèsé, èjìká wọn sì ń mì fún ẹ̀rín.

"Wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ nìyẹn," ni wọ́n wí.

Ọkọ̀ fẹ́ yà, ìyàwó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì di àgò mú, kí ológbò má baà yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.