Ẹsẹ̀ Lásán Nídìí Máṣíìnì

Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n sì ti ń ránṣọ. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ àbúrò níṣẹ́. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to ègé aṣọ aláràbarà pọ̀ di aṣọ ìbora, tí wọ́n á tẹ́ òwú sáàárín, tí wọ́n á sì rán gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ohun kan ṣoṣo tí kò kọ́ ọ ni bíbọ́ bàtà. Àbúrò ló mú ìyẹn wá fúnra rẹ̀. Bó bá ti jókòó, á bọ́ bàtà, á gbé ẹsẹ̀ lásán lé pẹ́dà.

“Ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ́ ohun tí máṣíìnì ń sọ,” ló máa ń wí.

Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á kí ẹ̀gbọ́n tán, ojú wọn á ti kọjá lọ sẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, aláìwọ-bàtà ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín. Ó máa ń wo ojú rírán àbúrò rẹ̀ tó tọ́ gbọnrangandan, á wá wo tirẹ̀, tó ti ń wọ́ bí ipa ìgbín láti bí ọdún kan. Ó ní iná ni kò tó. Ó ní máṣíìnì ti gbó. Ó bá àbúrò pààrọ̀ máṣíìnì. Ipa ìgbín tẹ̀ lé e débẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan gbé àwọn aṣọ ìyá rẹ̀ tó ti kú wá, kí wọ́n fi ṣe aṣọ ìbora. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí àpò náà.

“Ẹ má bínú, mà,” ni tíṣà wí. “Àbúrò yín ni mo fẹ́ kó bá mi rán an.”

Ẹ̀gbọ́n ò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pàṣẹ: “Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ṣé oko la wà ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe?”

“Mo ní kí o wọ bàtà.”

Àbúrò wọ bàtà. Ni máṣíìnì bá ń sáré mọ́ ọn lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ méjì dá kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó rán an, ó tú u, ó tún un rán, ó tún tú u. Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Bó sì ṣe ń dùn ló ń tì í lójú.

Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò jáde lọ ra òwú. Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ bàtà tirẹ̀. Òun náà fẹ́ gbọ́ ohun tí máṣíìnì ń sọ. Ó tẹ pẹ́dà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ le sí i. Àfi bíi pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹsẹ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò wọlé bá a. Ẹ̀rín ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó wolẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀jẹ̀!”

“Níbo?”

“Abẹ́rẹ́ tó dá mọ́ mi lọ́wọ́ níjọ́sí ló wọ àtẹ́lẹsẹ̀ yín! Ó ti wọlé dé ìdajì. Ṣé kò dùn yín ni?”

Ẹ̀gbọ́n wo abẹ́rẹ́ náà bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló wà. Kò dùn ún rárá. Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ pé ó ti tó ọdún kan tí ẹsẹ̀ òun ti ń kú díẹ̀díẹ̀.

“Èmi lẹ wá fi pa mọ́ fún?”

“Ìwọ gan-an ni mi ò fẹ́ kó gbọ́. Mò ń jowú ẹsẹ̀ rẹ.”

Àbúrò ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún; ó ṣe méjèèjì. Ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ó fi aṣọ mímọ́ di ojú ọgbẹ́, ó sì mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn ìtọ̀ ṣúgà, ló ń pa ẹsẹ̀ náà. Ó fún un lóògùn, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ rìn láìwọ bàtà mọ́, ì báà ṣe nínú yàrá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n ló ń gé aṣọ, tó sì ń to àwọ̀ wọn. Àbúrò ló ń rán an, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán bíi ti tẹ́lẹ̀. Owú náà ò tán o. Ó ń wá, ó ń lọ, bí òtútù. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n kì í gbé e mì mọ́.

“Ó tún ti dé o,” á wí. “Mò ń jowú.”

“Ẹ máa jowú yín lọ,” ni àbúrò á dáhùn, láìgbójú sókè, “ṣùgbọ́n ẹ bá mi gé aláwọ̀ aró yẹn ná.”