Àdàkọ Òfìfo

"Bí mo bá ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á mọ̀ pé bàbá òun dé," ni Ẹnjiníà wí. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè bí ẹni tó fẹ́ bá màlúù jìjàkadì.

Iṣẹ́ tí wọ́n pè é fún ní ọsibítù náà kò tó ariwo. Ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń tọ́jú orúkọ àti páàsìwọ̀ọ̀dù tí gbogbo òṣìṣẹ́ fi ń ṣí kọ̀ǹpútà àti ilẹ̀kùn. Wọ́n ra tuntun, wọ́n fẹ́ kí méjèèjì máa da ohun tó wà nínú ara wọn kọ, kí ọ̀kan lè máa báṣẹ́ lọ bí èkejì bá kú. Ìyá Páàsìwọ̀ọ̀dù, tó ti ń tọ́jú ti àtijọ́ láti ọdún mọ́kànlá, jókòó sí kọ̀rọ̀. Olùdarí tuntun ti sọ ọ́ sí i lójú: bí iṣẹ́ Ẹnjiníà bá yọrí, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti wo èyí tó ń fúnni àti èyí tó ń gbà? Tuntun yẹn ò ní nǹkan kan nínú o."

"Màmá, ẹ̀rọ ìgbàlódé nìyí. Wọ́n máa ń bára wọn sọ̀rọ̀."

"Kí ni òfìfo fẹ́ sọ?"

Olùdarí rẹ́rìn-ín. "Má dá a lóhùn jàre. Irú wọn, bí iná bá tàn, àtùpà ni wọ́n máa ń wá."

Ẹnjiníà tẹ bọ́tìnì. Àdàkọ náà lọ geerege. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀rọ méjèèjì jọra bí ìbejì: tuntun ti da òfìfo rẹ̀ kọ lé ti àtijọ́ lórí, kò sí orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú èyíkéyìí.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló kọ́kọ́ yọjú. "Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ mí rí. Ilẹ̀kùn yàrá oògùn náà ò ṣí fún mi mọ́. Aláboyún kan ń retí abẹ́rẹ́."

"Ṣùgbọ́n wọ́n jọra," ni Ẹnjiníà ń wí. "Ẹ wò ó, wọ́n jọra."

Òótọ́ ni. Òkú méjì náà jọra.

"Ẹ̀dà àwọn orúkọ tó wà nípamọ́ ńkọ́?" ni Olùdarí bi í.

"Ẹ̀rọ kejì ni ìpamọ́, sà."

Olùdarí yíjú sí kọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pè ní "obìnrin yìí" láti àárọ̀ wá di "màmá wa, ìyá oníyọ̀ọ́nú".

"Ẹrù tí ẹ ní kí n kó lọ sílé ńkọ́, sà?"

"Ẹrù wo? Ta ló sọ̀rọ̀ ẹrù?"

Ìyá Páàsìwọ̀ọ̀dù rò ó pé kóun jókòó, kóun máa wò wọ́n níran. Ó wá rántí aláboyún. Ó yọ fúláàṣì tó ti da àwọn orúkọ kọ sí tẹ́lẹ̀ láti inú àpò rẹ̀, ó já wáyà tó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, ó sì dá àwọn orúkọ padà sínú ti àtijọ́. Nọ́ọ̀sì sáré lọ.

Olùdarí tẹ orúkọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ìpamọ́ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, sà. Ìgbà tí ẹ dé lẹ ní kí n má ṣe é mọ́, pé iṣẹ́ ìgbàanì ni. Ọ̀gá tí ẹ gba ipò rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì padà dé.

"Ilẹ̀kùn ti ṣí," ló wí. "Kò sí oògùn níbẹ̀."