Má àti Máa

"Lẹ́tà kan péré ni mo ní kí o fi kún un." Ọ̀gá dúró sẹ́yìn àga obìnrin náà, ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Kí ló wá le níbẹ̀?"

Ọdún kẹfà rèé tí obìnrin náà ti ń tọ́jú ìwé ìlànà pátákó yìí, pátákó ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń darí iná, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n ń fi sínú àpótí tó ń mú àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé móoru. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á, ẹnikẹ́ni ló lè dábàá àtúnṣe, ṣùgbọ́n òun ló ń fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ a sì hàn níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí. Ìyá Àmì ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í gba ojú ìwé tí àmì ohùn rẹ̀ kò bá pé. Wọ́n ní bó bá kú pàápàá, yóò jí wá fi àmì sórí sàréè ara rẹ̀.

Ìlà tí ọ̀gá ń tọ́ka sí kò ṣòro kà: *Má jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́fà lọ láìsinmi.* Ọ̀gá ti ra ayédèrú ohun tí ń wo ooru sínú pátákó náà. Bó bá ti pẹ́ lórí iná, kò ní mọ gbígbóná mọ́, àpótí á sì máa gbóná lọ. Ìyá Àmì ló dán an wò, òun ló kọ ìlà náà.

"Ẹ kúkú ní kí n yọ ìlà náà, sà."

"Bí a bá yọ ìlà, wọ́n á béèrè ibi tó gbà. Lẹ́tà kan? Àṣìkọ ni wọ́n á pè é. Olùyẹ̀wò ìjọba ti gba rìbá rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ tán. Ó ní òun ò lè buwọ́ lu ẹrù wa bí ìwé wa bá ṣì ń sọ pé *má*."

"Ọmọ ọlọ́mọ ló máa wà nínú ẹ̀, sà."

"Mama ńkọ́?" Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń kí ènìyàn. "Ṣé ilé yẹn tura fún wọn? Ilé iṣẹ́ ló kúkú ni ilé náà."

Láti ọjọ́ tí ọkọ Ìyá Àmì ti kú, òun àti ìyá rẹ̀ kò ní ibòmíràn. Ó fi *a* kún *má*. Níbi tí a ti ń kọ ìdí, ó kọ ọ́ pé: *Àtúnṣe àkọtọ́.* Ó pinnu pé bí wọ́n bá ti buwọ́ lu ẹrù náà tán, òun á yọ ọ́.

Olùyẹ̀wò buwọ́ lù ú lọ́jọ́rú. Ọ̀gá ní kó dúró kí ẹrù kọ́kọ́ lọ. Ó dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ ajé, nọ́ọ̀sì kan tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lójú ìwé náà, láti ilé ìwòsàn kékeré kan tó jìnnà sí títì, kọ̀wé sí i:

"Ìyá Àmì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹ́lẹ̀, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà la máa ń pa ẹ̀rọ, tí a ó gbé àwọn ọmọ lé ìyá wọn láyà. Èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì, ó ń tán mi lókun. Nígbà tí mo rí *máa*, mo kọ́kọ́ rò pé àṣìkọ ni. Dókítà ní Ìyá Àmì kì í ṣi ọ̀rọ̀ kọ. A dúpẹ́ gan-an ni."

Ìyá Àmì pa *a* náà rẹ́, ó kù kó fi pamọ́. Ọ̀gá yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀la ni mọ́tò ń kó ẹrù," ó ní. "Ó di ọ̀la."

Ìyá Àmì gbé ọwọ́ kúrò, kò fi í pamọ́. Ẹ̀rù ilé bà á ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ti tún kọ̀wé. Kò kí i.

"Ṣé *má* ni àbí *máa*? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. A ò pa á láti àná. Ìbejì ni wọ́n. Ìyá wọn ṣì jókòó ti àpótí, kò jẹ́ ká gbé wọn lọ sin."

Ìyá Àmì kò mọ̀ pé ọ̀gá ti wà lẹ́yìn òun, tó ń kà á.

"Dá a lóhùn," ọ̀gá wí. "Sọ fún un pé wọn ò ka ìwé dáadáa." Ó yí padà, ó fẹ́ máa lọ, ó tún dúró. "Kí o sì má gbàgbé àmì."