Káàdì Inú Kámẹ́rà Ẹnu Géètì

Ọláyọdé ò tíì bu ṣíbí ìrẹsì kejì sẹ́nu lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyáàfin Èyítáyọ̀ ni, olùkọ́ kan, ọmọ Ilé-Olúji, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ kan náà ní Benin. Àdúgbò Aduwawa ni obìnrin náà ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, Bàbá Àkànní. Ọláyọdé ló so kámẹ́rà mọ́ ẹnu géètì wọn lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí iyè bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ra.

"Ọláyọdé, jọ̀ọ́, máa bọ̀. A ò rí Dádì."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pa ní Ekosodin, ó wọ kèké. Nígbà tó fi máa dé ọ̀hún, Ọláfúnkẹ́ tó ń tọ́jú bàbá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ẹ̀yìnkùlé ló wà tó ń sá aṣọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìgbà tó padà síwájú ilé, géètì ti ṣí sílẹ̀, kò sẹ́nì kankan lórí àga bàbá.

"Kámẹ́rà á ti rí i," Èyítáyọ̀ ní. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ nítorí ó ní ìrètí. "Ṣáà bá wa wò ó. Bó bá yà sọ́tùn-ún, títì Auchi ló forí lé. Bó bá yà sósì, inú ìlú ló lọ. Ibi tó bá gbà la ó bá a gbà."

Ọláyọdé gba fóònù ọwọ́ rẹ̀. Àwòrán ẹnu géètì mọ́ kedere: ewúrẹ́ méjì ń kọjá lọ́wọ́, ọkùnrin kan ń ti bárò. Ó dá a padà sí aago mẹ́wàá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án, kò sí. Àná, kò sí.  Ó gun àkàsọ̀, ó yọ káàdì tí kámẹ́rà ń fi àwòrán pa mọ́ sí, tí kò ju èékánná lọ, ó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó gbé dání. Ohun tí kámẹ́rà ká sílẹ̀ gbẹ̀yìn ti pé oṣù mẹ́rin.

Kò nílò ẹni tí yóò là á yé e. Bí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́ ni káàdì inú kámẹ́rà rí. Bó ti wù kó dára tó, yóò gbó. Bó bá ti kún, kámẹ́rà á pa ti àtijọ́ rẹ́, á tún kọ tuntun lé e, tọ̀sán-tòru, gbogbo pípa-rẹ́ yẹn ló sì ń bù nínú ẹ̀mí rẹ̀. Bí òmíràn bá gbó tán, kò ní pariwo. Kò kàn ní gba nǹkan tuntun mọ́ ni. Iná kámẹ́rà á ṣì máa tàn.

Ó sì mọ ohun tí èèyàn fi ń mú un pẹ́. Kí wọ́n ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kámẹ́rà, kó má jẹ́ káàdì fóònù. Kí kámẹ́rà máa ká kìkì ìgbà tí nǹkan bá mira níwájú rẹ̀. Kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wá so ó, kò rí ojúlówó rà, ló bá fi ti fóònù sí i, ó ní òun á padà wá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì. Èyítáyọ̀ sì ní gbogbo ìṣẹ́jú lòun fẹ́ máa rí, Ọláyọdé náà fi í sílẹ̀ kó máa ká láìsinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì di ọdún méjì.

"Kí lo rí níbẹ̀?" Èyítáyọ̀ bi í.

"Mà, kò ká a."

"Kí ni kò ká?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí káàdì yìí ò ti gba nǹkan kan mọ́. Ẹ̀bi mi ni, mà. Ó yẹ kí n ti wá pààrọ̀ rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mò ń rí ẹnu géètì lórí fóònù mi lójoojúmọ́!"

"Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ lẹ̀ ń rí, mà. Kò fi í pa mọ́."

Èyítáyọ̀ ò pariwo mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló dun Ọláyọdé jù. Ó kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Èyí tó wà níbẹ̀, jẹ́ kí n wò ó." Bàbá ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn: ó wá sẹ́nu géètì, ó di irin rẹ̀ mú, ó ń kí àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó padà sínú ilé. Èyítáyọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ọláyọdé ò yéé tẹ kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ohun tí wọn ò kọ sílẹ̀ rí, kò sí ọgbọ́n téèyàn lè fi wá a rí. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ Àbúdù, aládùúgbò tó kọjú sí wọn, tóun náà ní kámẹ́rà. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni Àbúdù kọjú kámẹ́rà tirẹ̀ sí. Kò rí títì rárá.

Ni wọ́n bá pín ara wọn láti wá bàbá kiri. Obìnrin oníbúrẹ́dì kan ní òun rí bàbá kan tó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Auchi. Awakọ̀ kan búra pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sápá Ọjà Oliha. Wọ́n bi àwọn méjèèjì léèrè irú fìlà tí bàbá dé. Ọ̀kan ní fìlà búlúù, èkejì ní kò dé fìlà. Wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọláyọdé fi gbé fọ́tò bàbá káàkiri Oliha, láàárín àwọn onígàrí àti oníṣu, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Bó bá ti na fọ́tò sí wọn, wọn á mi orí.

Lọ́jọ́ kẹfà, àgbẹ̀ kan pè láti abúlé kan lápá Ehor, lójú títì Auchi, ó ní bàbá arúgbó kan tó ń sọ Yorùbá wà lábẹ́ àtíbàbà òun. Bàbá Àkànní ni. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, aago rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ojú egbò yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì po, ó sì ti rù kan eegun.

Èyítáyọ̀ dì mọ́ ọn. "Dádì, ta ló gbé yín débí?"

Bàbá wò ó títí. "Ẹ ṣeun, ìyáàfin," ó ní. "Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé yín."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, Èyítáyọ̀ rọra bi Ọláyọdé léèrè pé, "Ṣé o rò pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Lọ́jọ́ kejì ni Ọláyọdé ra ojúlówó káàdì, ó sì tún kámẹ́rà tò kó máa ká kìkì ìgbà tí nǹkan bá mira. Bàbá ò jáde sẹ́nu géètì mọ́. Ó ṣòro kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀, bí oṣù bá ti ń parí, Ọláyọdé á wá, á gun àkàsọ̀, á yẹ káàdì wò. Á rí ológbò tó ń kọjá, á rí Ọláfúnkẹ́ tó ń lọ ra oògùn. Á dá a padà sáyè rẹ̀, á kí Èyítáyọ̀, á sì máa lọ. Èyítáyọ̀ ò ní kó fi han òun rí.