Ibi Tí Wọ́n Gé Kúrò nínú Fíìmù Gudveig

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù tí wọ́n fi ìwé Gudveig ṣe han aráyé ní ìlú Tromsø, ìwé ìròyìn mẹ́rin ló tẹ àwòrán dáìsì tí wọ́n fi ń díwọ̀n fíìmù sábẹ́ orúkọ rẹ̀, ojú márùn-ún ni gbogbo wọn sì fún un. Nínú ojú mẹ́fà, márùn-ún kì í ṣe kékeré. Àwọn lámèyítọ́, tí ẹnì kankan nínú wọn ò gbé ìbọn rí, ní àwọn rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro àwọn. Ibì kan ṣoṣo ni wọn ò fẹ́ràn: ibi tí ọmọ ogun kan ti ń ṣẹ̀jẹ̀ ní Afghanistan, tí ọ̀gá rẹ̀ ń sọ lórí rédíò pé hẹlikọ́pítà tó yẹ kó wá gbé e ò ní gbéra, àfi bí wọ́n bá ka ìlà kẹsàn-án inú fọ́ọ̀mù fún òun.

"Àsọdùn gbáà," ni ọ̀kan kọ.

Gudveig kà á nídìí tábìlì ilé ìdáná títí kọfí rẹ̀ fi tutù. Òun ló fi orí ara rẹ̀ ro gbogbo ìyókù ìwé náà. Ibi yẹn nìkan ni kò fi orí rò. Bí Sindre ọmọ rẹ̀ ṣe kú nìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta gbáko. Ọ̀rẹ́ Sindre tó ń bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ náà ló wá sọ fún un, tó ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn ológun ti ní kíá ni, pé kò mọ̀ ọ́n lára rárá, Oddvar ọkọ rẹ̀ sì di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Gudveig ò rí ẹnu sọ òótọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín in, ló bá kọ ìwé ẹ̀fẹ̀. Kí àwọn ológun má bàa pè é lẹ́jọ́, ó ní kí wọ́n tẹ "ìtàn àròsọ" sára rẹ̀.

Oddvar kì í kàwé. "Jẹ́ kí wọ́n fi ṣe fíìmù ná," ló máa ń wí, "màá wò ó." Lójú òkun ló wà nígbà ti Tromsø, àsìkò ẹja ni.

Torgrim, tó ya fíìmù náà, pè é lórí fóònù.

"Màmá, ẹ kú oríire o! Ibi kékeré yẹn ló gba ojú kẹfà lọ́wọ́ wa. A ti gé e kúrò kó tó dé sinimá."

"Má gé e, Torgrim. Òótọ́ ni. Bí ọmọ mi ṣe kú nìyẹn."

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ní ìtàn àròsọ ni. Ta ló máa gbà yín gbọ́ báyìí? Ẹ má bínú. Ó ti lọ."

Ayé sú Gudveig. Nígbà tí Oddvar ti òkun dé, Gudveig ò sọ ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n gé fún un, títí fíìmù fi dé ìlú wọn lóṣù kẹta.

Nínú òkùnkùn sinimá, ọmọ ogun náà ṣubú. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pósí rẹ̀ ti wà nínú bàálù, àwọn ọ̀gá méjì sì ń jà lórí ẹni tó máa tẹ́ àsíá lé e. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Oddvar náà rẹ́rìn-ín.

Níta, nínú yìnyín, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ìyá Sindre, ọdún mẹ́sàn-án lẹ̀rù ti ń bà mí. Mo rò pé wọ́n parọ́ fún wa, pé ọmọ yẹn dùbúlẹ̀ síbì kan tó ń pè wá." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Àṣé kíá ni lóòótọ́. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ìwọ lo kọ ọ́. O ṣeun."

"Kíá ni," ni Gudveig wí.