Ihò Méjì Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà Ìmísí tàn, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan hàn. Iná wẹ́wẹ́ iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, fáànù inú rẹ̀ ń kùn, síbẹ̀ ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Inú rẹ̀ sì ni àwọn àwòrán tó yà fún ìwé ọmọdé kan wà, ìwé àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò hàn lára rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà ti sọ fún un láìfepo bọyọ̀: bí ọ̀sán bá pọ́n láìrí àwòrán, ẹlòmíràn ni àwọn yóò gbé iṣẹ́ fún.

Ọkọ rẹ̀, Ọmọ́tọ́ṣọ́, ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá kí wọn ní àdúgbò Mayfair láti ìlú Ẹdúnàbọ̀n ló káwọ́ lẹ́rán lórí àga, tó ń wò ó.

"Kí ló ń ṣe é, ìyàwó mi?"

"Èmi náà fẹ́ mọ̀, mà."

Ìmísí kì í pẹ́ bínú, àmọ́ tó bá ti bínú tán, ìwádìí ló kù. Ó tú ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà náà, ó yọ mẹ́mọ́rì, pátákó pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, ó fi kílínà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu ẹnu irin rẹ̀ títí ó fi dán, ó tì í padà. Pàbó ló já sí. Mọ́nítọ̀ kàn kọ ọ́ sójú pé òun kò rí nǹkan kan gbà, ó tún ṣókùnkùn.

"Àbí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ló kú?" Màmá béèrè.

"Rárá, mà. Ẹni tó ń ráhùn kò tíì kú."

Bó ti sọ ọ́ tán ló rò ó: bí mọ́nítọ̀ bá yè, tí àpótí náà sì yè, ọ̀nà àárín wọn ńkọ́? Ó tan iná fóònù sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ihò méjì tó jọra ló wà níbẹ̀. Tòkè jẹ́ ti àpótí fúnra rẹ̀. Tìsàlẹ̀ jẹ́ ti káàdì tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ rà fún un nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí káàdì náà ti wọlé ni tòkè ti fọ́jú, kò gbé àwòrán jáde mọ́. Inú tòkè yìí gan-an sì ni wáyà mọ́nítọ̀ wà.

"Ta ló yọ wáyà yìí?"

Màmá ti dìde. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó ti dì í.

"Èmi ni. Lánàá tí ẹ ò sí nílé, àrá ń sán. Nílé tiwa, tí àrá bá ń sán, a máa ń yọ gbogbo ohun tó ń lo iná, a ó sì faṣọ bo dígí. Mo yọ gbogbo wáyà, mo faṣọ bò ó. Nígbà tí òjò dá, ihò tí wáyà bá ṣáà ti wọ̀ ni mo kì í sí. Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ tó o sọ fún Ọmọ́tọ́ṣọ́ lórí fóònù pé ẹni tó fọwọ́ kàn án, kó kúrò nílé rẹ. Mo ní kí n tètè máa lọ, kó má baà dìjà."

Ojú ti Ìmísí, ó tì í gan-an. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọmọ yín ni mo ń bá wí, mo rò pé òun ni! Ta ló mọ̀ bóyá àrá ì bá ti jó o, ká ní ẹ ò yọ ọ́?" Ó na wáyà sí i. "Ẹ wá kì í fúnra yín. Ihò ìsàlẹ̀."

Màmá gba wáyà, ó kì í síbẹ̀. Ìmísí tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí iṣẹ́ rẹ̀. Láìpẹ́, àwòrán ìyá arúgbó kan yọ lójú mọ́nítọ̀, ó ń sá kòkó, ó ń fọwọ́ lé ewúrẹ́.

Màmá sún mọ́ ọn. "Ẹni yìí mà jọ mí."

"Ẹ̀yin náà ni, mà. Ẹ̀yin ni ìyá inú ìwé náà látòkè délẹ̀. Níbo lẹ wá fẹ́ máa lọ?"

Ìmísí yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́. Màmá nu ojú, ó sì gbé báàgì rẹ̀ padà sí yàrá.