Eyín Inú Táyà

Obìnrin mẹ́ta ló máa ń sá eré síkì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi ń yọ̀ lórí yìnyín, fún abúlé wa nígbà òtútù. Wọ́n ti mú méjì fún ọdún yìí. Èmi Gudveig ni mo ti ń ṣe ẹnì kẹta láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá, mi ò sì rí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi, àfi Jorid, àbúrò tí mo fẹ̀yìn pọ̀n.

Tí kò bá sí yìnyín, síkì onítáyà la fi ń gun ọ̀nà igbó. Eyín kékeré kan wà nínú táyà náà tí kì í jẹ́ kó yí padà sẹ́yìn. Nígbà ooru, mo bá Jorid lẹ́yìn ilé àgùntàn, ó ń tú eyín táyà tiẹ̀ dànù.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ó pé, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé yìnyín ní eyín ni? Bó ṣe wù ká tẹsẹ̀, nǹkan yìí á ṣáà gbá wa mú. Tí yìnyín bá wá dé, tá a bá ń yọ̀, a ó sọ pé epo tá a fi pa síkì kó má bàa yọ̀ ló burú."

Inú bí mi, torí epo lèmi náà dá lẹ́bi lọ́dún tó kọjá.

Jorid ń fi síkì tí kò léyín mọ́ yẹn gun òkè, ó ṣubú títí orúnkún ẹ̀ fi bó. Àwọn tó ń kó àgùntàn bọ̀ láti orí òkè ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Jorid, ṣé ẹ̀yìn lò ń lọ ni?"

"Ẹ ṣáà dúró dè mí lókè," ló máa ń dá wọn lóhùn, á tún dìde.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Tarjei tó ń kọ́ wa ní kí àwa méjèèjì gun ọ̀nà igbó dé orí òkè. Ẹni tó bá ṣíwájú ló ni àyè kẹta. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà sì ti di ẹrẹ̀. Iwájú ni mo wà títí a fi dé ibi tó ṣòro gùn jù. Mo tẹsẹ̀, eyín dì mú, àmọ́ táyà fúnra ẹ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún yọ̀. Jorid rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yẹ̀ rárá. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ jókòó sínú ẹrẹ̀. Mi ò jókòó.

Nígbà tí mo dé orí òkè, Tarjei ò fẹ́ wò mí lójú.

"Ọ̀nà ló burú, Gudveig. Ṣé kẹ́ ẹ tún un sá tó bá gbẹ?"

Jorid ń wò mí.

"Rárá," mo ní. "Òun ló ni àyè. Jorid, kọ́ mi bó o ṣe ń tẹsẹ̀ yẹn."

"Ẹ máa ṣubú gan-an o, ẹ̀gbọ́n mi. Àyè ọdún yìí sì ti tán."

"Mo gbọ́. Ibo ni kí n kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ sí?"